Àwọn Ọmọbìnrin Wa àti Ìdíje Bọ́ọ̀lù Àgbáyé



Nígbàkigbà tí ìròyìn bá tàn ká pé àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ti pegedé láti lọ kópa nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́, ariwo ayọ̀ a máa sọ nínú ọgbà wa. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà a máa bá wọn yọ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ayọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí ó yẹ fún ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti rọlẹ̀ tán, ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bi ara wa ní ìbéèrè kan: níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń wá, ta ni ó sì kọ́kọ́ fún wọn ní bọ́ọ̀lù àti àyè láti gbá a? Èrò tiwa ni pé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìpegedé ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ohun mẹ́ta wà lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó lè fi gbé ọmọbìnrin dé ibẹ̀, tàbí tí ó lè fi dí i lọ́nà. Àwọn nǹkan náà ni pápá, ìwé orúkọ, àti ẹ̀kọ́ inú kíláàsì.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìpegedé jẹ́. Ìdíje àgbáyé méjì ni ó wà fún àwọn ọmọbìnrin tí kò tí ì dàgbà tán. Èkíní ni ti àwọn tí kò ju ẹni 20 ọdún lọ. Ilẹ̀ Kánádà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Ọdún 19 ni òṣùwọ̀n rẹ̀ nígbà náà, ní 2006 ni a sì sọ ọ́ di 20. Èkejì ni ti àwọn tí kò ju ẹni 17 ọdún lọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand ní 2008. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ń kàn dìde lọ síbẹ̀, àfi èyí tí ó bá gbàlejò. Ní Áfíríkà, méjì méjì ni a ń so àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀: wọn a gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ní ilé ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ní ilé èkejì, a ó sì ka góòlù ọjọ́ méjèèjì papọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù yóò kọjá lọ bá ẹlòmíràn pàdé. Ẹni tí tirẹ̀ kéré yóò padà sílé. Báyìí ni a ó máa yọ wọ́n títí yóò fi ku iye tí a fi àyè sílẹ̀ fún. Nígbà tí àwọn tí kò ju 17 lọ pàdé ní ilẹ̀ Mòrókò ní 2025, orílẹ̀-èdè 24 ni ó péjọ; 5 péré ni ti Áfíríkà, Mòrókò tí ó gbàlejò sì wà nínú 5 náà. Ẹ rí i pé ọ̀sán kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ kò bá ran àwọn ọmọ lè sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù di asán.

Ní ọ̀nà tóóró yìí, àwọn ọmọbìnrin wa kò dójú tì wá. Ẹgbẹ́ àwọn tí kò ju 20 lọ, tí a ń pè ní Falconets, kò pa ìdíje kan jẹ láti 2002 títí dé èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ Kòlóńbíà ní 2024. Ní 2010, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n dé àṣekágbá kí àwọn onílé tó fi góòlù 2 sí òdo borí wọn. Ní 2014, ní Kánádà, wọ́n tún dé àṣekágbá, Jámánì yìí kan náà ni ó sì fi góòlù kan ṣoṣo borí wọn, lẹ́yìn tí a ti fi àkókò kún àkókò. Àwọn àbúrò wọn, tí a ń pè ní Flamingos, kò pa ti tiwọn jẹ àfi ti Uruguay ní 2018, nígbà tí Kamẹrúùnù dí wọn lọ́nà. Ní ilẹ̀ Íńdíà ní 2022, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Bankole Olowookere, wọ́n bá Jámánì ta ọ̀mì, góòlù 3 sí 3. Nígbà tí a sì ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi 3 sí 2 borí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ipò kẹta ní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú. Láti dé ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí láti wọlé jókòó. Ní Mòrókò ní 2025, Ítálì fi góòlù 4 sí òdo dá àwọn Flamingos padà sílé nígbà tí ó ku ẹgbẹ́ 16. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ 21 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń kó lọ sí ìdíje náà, kò sì lè yan ju àwọn tí ó bá rí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ọgọ́rùn-ún ni a ti ń fún ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù, inú ọgọ́rùn-ún náà ni yóò ti ṣà wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, inú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. Ta ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, bí kò ṣe olùkọ́?

Ẹ wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1972 ni wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ nítorí pé obìnrin ni. Òfin náà kò dárúkọ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nítorí pé eré ìdárayá jẹ́ ara ẹ̀kọ́, pápá àti bọ́ọ̀lù di ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ní láti pín fún ọmọbìnrin pẹ̀lú. Ní ọdún 19 lẹ́yìn náà, ní 1991, a ṣe Ìdíje Ife Àgbáyé ti àwọn obìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà, Amẹ́ríkà ni ó sì gba ife náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á jẹ́ ọmọdé nígbà tí òfin náà jáde. Nàìjíríà wà níbẹ̀ ní ọdún náà pẹ̀lú, kò sì tí ì pa irú ìdíje bẹ́ẹ̀ jẹ títí di ti 2023. Nítorí náà, a kò lè sọ pé wọ́n ṣáájú wa dé pápá àgbáyé. Ohun tí wọ́n fi ṣáájú wa ni pápá ilé-ẹ̀kọ́.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn tí èrò wọn yàtọ̀ sí tiwa, nítorí pé wọ́n pọ̀ nínú wa, wọn kì í sì í ṣe aláìgbọ́n. Àwọn kan wí pé ara obìnrin kò gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ayé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1920, àwọn obìnrin gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Goodison Park ní ìlú Liverpool, àwọn ènìyàn bí 53,000 ni ó sì wá wò wọ́n. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin, ní oṣù Kejìlá 1921, pé bọ́ọ̀lù kò yẹ obìnrin, àti pé kò sí ẹgbẹ́ tí ó gbọdọ̀ yá wọn ní pápá. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni òfin náà fi wà kí wọ́n tó mú un kúrò. Láàárín àádọ́ta ọdún náà ara obìnrin kò yí padà. Ọkàn àwọn aláṣẹ ni ó yí padà. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ti ilé wa náà. Ọmọbìnrin tí ń pọn omi ní òwúrọ̀, tí ń gún iyán ní ọ̀sán, tí ń ru igi bọ̀ láti oko ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tí ń wí pé ara rẹ̀ kò gba odó. Bí ara rẹ̀ bá gba iṣẹ́, kí ni ó dé tí kò fi ní gba eré?

Àwọn mìíràn wí pé aṣọ agbábọ́ọ̀lù kò bo ara tó, àti pé ẹ̀sìn kò fẹ́ ẹ. A bu ọlá fún ọkàn tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde. Ṣùgbọ́n láti 2014 ni àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù ní àgbáyé ti fi àṣẹ sí i pé agbábọ́ọ̀lù lè fi ìbòrí bo orí rẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Bí àwọn tí ó ni òfin bá ti fi àyè sílẹ̀ ní àgbáyé, kò tọ́ kí olùkọ́ tún máa fi ọ̀rọ̀ aṣọ lé ọmọ kúrò ní pápá ìlú kékeré. Kí ó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí aṣọ tí yóò tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó lágbára jù lọ. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìwé. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ẹni tí ó jẹ góòlù 7 ní Kánádà ní 2014, tí a sì fún ní ẹ̀bùn ẹni tí ó jẹ góòlù jù lọ àti ẹ̀bùn ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ nínú ìdíje náà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù, àti pé òun fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó yọrí sí rere fún un. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí tí ó kàn pàtẹ́wọ́ kò tí ì gbọ́ ọ dé òpin. Ọmọ 21 péré ni a ń kó lọ. Àwọn tí a kò yàn ńkọ́? Àwọn tí orúnkún wọn yẹ̀ kí ọjọ́ ìdíje tó pé ńkọ́? Bí wọ́n bá ti fi ìwé sílẹ̀, kí ni yóò kù sí wọn lọ́wọ́? Nítorí náà, a gbà pẹ̀lú àwọn tí ń bẹ̀rù yìí pé ewu wà, ṣùgbọ́n a kò gbà pé lílé ọmọ kúrò ní pápá ni ìwòsàn rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ fún ọmọ pé kí ó yan ọ̀kan nínú méjì, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń lé e jáde. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé-ẹ̀kọ́ náà ni bọ́ọ̀lù wà, kí ni ó tún fẹ́ jáde lọ wá?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tiwa, nítorí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a rán díẹ̀ nínú wa lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọjọ́ méjì ni a yà sọ́tọ̀ fún eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Bí agogo bá ti lù, àwọn ọmọkùnrin a gbé bọ́ọ̀lù lọ sí pápá. Àwọn ọmọbìnrin a mú ìgbálẹ̀, wọn a gbá iwájú kíláàsì, wọn a pọn omi kún ìkòkò ilé olùkọ́; àwọn tí iṣẹ́ wọn bá tètè parí a lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá láti ṣọ́ aṣọ àwọn ọmọkùnrin. Kò sí òfin kankan tí ó wí bẹ́ẹ̀. A bi àwọn olùkọ́ ibẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti bá a. Nígbà tí a bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ọjọ́ kan nínú méjèèjì fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ mọ́kànlá kò pé. Kí a tó kúrò níbẹ̀, a ní láti pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọkùnrin náà sì kọ́ láti mú ìgbálẹ̀.

A kò wí pé nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ó ti rí Asisat Oshoala mìíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a wí ni pé kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn tó dé, kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìwé orúkọ. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìdíje tí a fi ọjọ́ orí dè, òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Mòrókò ní 2025 kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a bí ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2008. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ wọn, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọn a sì sá tọ̀. Olùkọ́ ni ó ń kọ ìwé yìí. Bí ẹnì kan bá tọ̀ ọ́ wá pé kí ó gé ọdún mẹ́ta kúrò lára ọjọ́ orí ọmọ kan nítorí ire ọmọ náà àti ire ìlú, kí ni yóò ṣe?

Kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1989. Ní ọdún náà ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé rí i pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin Nàìjíríà kan nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ti 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún wọn ṣáájú. Wọ́n lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje fún ọdún méjì, wọ́n sì gba ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991, tí ó yẹ kí Nàìjíríà gbàlejò, wọ́n gbé e fún ilẹ̀ Pọtugí. Àwọn ọmọ tí kò purọ́ kankan ni wọ́n jókòó sílé ní ọdún méjì náà. Ọjọ́ orí kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó pé 16 nígbà tí ìyà náà bẹ̀rẹ̀ ti di 18 nígbà tí ó parí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Olùkọ́ tí ó gé ọjọ́ orí ọmọ kan ti jí àyè ọmọ mìíràn tí ọjọ́ orí tirẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ó sì ti kọ́ ọmọ tí ó rò pé òun ń ràn lọ́wọ́ ní ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé wa kankan.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ti kíláàsì. Bí a bá pe ọmọbìnrin sí àgọ́ ìgbáradì, ó lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó bá padà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti ṣáájú. Olùkọ́ kan lè wí pé, “Bọ́ọ̀lù ni o yàn, lọ jẹ bọ́ọ̀lù.” Òmíràn lè ti kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún un, kí ó fi ránṣẹ́ sí i, kí ó sì jókòó tì í fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó bá dé. Iṣẹ́ tí olùkọ́ kejì yìí ṣe kò ní hàn nínú ìròyìn kankan. Ṣùgbọ́n òun ni yóò mú kí ọmọ náà lè fi ọkàn balẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá kọ̀, orí kò ní òfo. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọkàn àwọn òbí yóò ṣe rọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kórìíra bọ́ọ̀lù; wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ wọn yóò pàdánù méjèèjì.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a mú wá síwájú yín. Èkíní, kí a fi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ ìdánrawò tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin, kí a sì pín iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti omi pípọn láìwo ọkùnrin tàbí obìnrin. Èkejì, kí a kọ́ wa ní bí a ti í ṣe ìtọ́jú ìwé orúkọ àti ọjọ́ orí, kí a sì sọ fún wa nígbangba ìyà tí ó tọ́ sí olùkọ́ tí ó bá yí i padà. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn obìnrin àárín wa ní òfin bọ́ọ̀lù àti bí a ti í fọn fèrè rẹfirí, nítorí pé ọmọbìnrin tí ó bá rí olùkọ́ rẹ̀ obìnrin ní àárín pápá kò ní béèrè mọ́ bóyá pápá jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a kò gbọdọ̀ dúró de àwọn olùkọ́ wa nìkan. Kò ní pẹ́ tí a ó fi tú ká sí ìlú àti abúlé, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kíláàsì tirẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì nínú àpótí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀, kí ẹ wo ẹni tí ó wà ní pápá àti ẹni tí ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá bá a bí a ti máa ń bá a, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bí ẹ ti bá a.